Ojú Ọ̀nà Tí Kò Níbẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, ní àdúgbò Fate ní Ìlọrin níbí, ọ̀gá tí mo bá nínú láàbù kò bi mí léèrè ìwé ẹ̀rí. Ó ní kí n bá òun ti fèrèsé, kí n fa aṣọ dúdú bò ó, kí n wá jókòó. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta lóde, ṣùgbọ́n inú láàbù wá ṣú bí inú kòkò. Ọ̀gá Ọlátúnjí ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àpótí gíláàsì kan tó wà lórí tábìlì.

Ó ní, "Wo inú ẹ̀. Má sọ̀rọ̀."

Ìkùukùu fẹ́lẹ́ kan ló sùn sí ìsàlẹ̀ àpótí náà, bí èyí tó máa ń bo odò Àsà láàárọ̀ ọyẹ́. Kò pẹ́ tí ìlà funfun kan fi fà gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì parẹ́. Òmíràn tún fà. Kò sí kòkòrò nínú àpótí náà, kò sí òwú, kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣe ni ó dà bí ẹni pé ẹnì kan tí a kò rí ń fi èékánná ya nǹkan sínú ìkùukùu náà láìkánjú. Irun ara mi dìde. Mo ti kàwé gboyè lórí nǹkan wọ̀nyí o. Mo ti kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀ nínú ìdánwò, mo sì yege. Ṣùgbọ́n n kò rí wọn rí.

Mo bi í pé, "Ta nìyẹn, sà?"

Ojú tì mí bí ó ṣe jáde lẹ́nu mi, nítorí "kí nìyẹn" ló yẹ kí n wí. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbéèrè tó yẹ nìyẹn, pé iṣẹ́ mi láti ọjọ́ náà lọ ni kí n máa fi ojú ọ̀nà dá wọn mọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Àpótí ìkùukùu náà kò ṣòro láti ṣe. Gíláàsì ni. A ó rẹ fẹ́lítì, aṣọ nínípọn tó ń fa omi, sínú sípírítì, a ó fi sí òkè rẹ̀ nínú. A ó fi irin pẹlẹbẹ tí a kùn ní dúdú ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. A ó wá gbé gbogbo rẹ̀ ka orí yìnyín gbígbẹ, irú èyí tó máa ń rú èéfín tí kì í yọ́ di omi. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta áísìkiriìmù ló máa ń bá mi wá a. Sípírítì á rọra sọ̀ kalẹ̀, á di ìkùukùu. Bí ohun tín-ín-tìn-tín kan tó ní iná mànàmáná lára bá sáré gba ibẹ̀ kọjá, ìkùukùu á dì mọ́ ojú ọ̀nà rẹ̀. A kì í rí òun fúnra rẹ̀. Ipa rẹ̀ la ń rí, bí ẹni tó rí ipa ejò nínú eruku, tí ejò náà sì ti lọ.

Ìwúwo ló ń sọ bí ipa náà yóò ṣe rí. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló fúyẹ́ jù, ipa rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn, ó sì máa ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, nítorí gbogbo ohun tó bá kàn ló ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Púrótọ́ọ̀nù wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀sán ó lé díẹ̀, nítorí náà kì í yẹsẹ̀ bọ̀rọ̀. Áfà, tó jẹ́ púrótọ́ọ̀nù méjì àti niútírọ́ọ̀nù méjì tó so pọ̀ mọ́ra, ló wúwo jù nínú àwọn tí à ń rí níbẹ̀: ipa rẹ̀ nípọn, ó tọ́, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà kí ó tó dúró. Ọdọọdún ni ibẹ̀ yẹn máa ń di ẹ̀rín fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, nítorí ìdajì wọn ló jẹ́ ọmọ àfáà. Bí mo bá ti ní, "Áfà sanra, kì í sì í rìn jìnnà," wọn á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Mo ti jẹ́ kó mọ́ mi lára.

Ti títóbi ni kì í pani lẹ́rìn-ín. Ọ̀gá máa ń ní kí wọ́n fi ọkàn gbé hóró àgbàdo kan sí àárín ráńdábáòtù Post Office, kí wọ́n pe hóró náà ní púrótọ́ọ̀nù. Ó ní bí èèyàn bá fẹ́ dé ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ wà, àfi kí ó fẹsẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ó kọjá báńkì, kí ó kọjá àwọn oníṣòwò, kí ó sì mọ̀ pé ní gbogbo ọ̀nà tí òun ń rìn yẹn, kò sí nǹkan kan. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ńkọ́? Ó ní kò tíì sí ẹni tó rí ìwọ̀n kankan fún títóbi rẹ̀. A mọ ìwúwo rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, a kò rí i. Á wá fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, á ní, "Ohun tí wọ́n fi mọ wá nìyí. Àfo ló pọ̀ jù níbẹ̀."

Ọ̀kan ṣì kù. Niútírọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ bá púrótọ́ọ̀nù dọ́gba. Nǹkan bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ ló fi wúwo jù ú. Ṣùgbọ́n kò ní iná lára, nítorí náà kì í fi ipa sílẹ̀. Ó lè gba inú àpótí kọjá, kó gba inú ìwọ tí ò ń wò ó kọjá, kí o má mọ̀. Ọ̀gá fi ọsàn kọ́ mi ní ti rẹ̀. Ó yí ọsàn kan lórí tábìlì, ó kọ lu ọsàn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ dúró gbọin, èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ ló gbéra. Ó yí òmíràn lu ọmọ ọlọ. Ọsàn ta padà, ọmọ ọlọ kò mira. Ó ní ohun tó wúwo ju niútírọ́ọ̀nù lọ kì í dá a dúró, ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló lè gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá fi kún un pé inú ìkùukùu sípírítì kún fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn púrótọ́ọ̀nù tí kò so mọ́ òmíràn.

Ó ní, "Bí o bá rí ipa tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àpótí, tí kò ti ibì kankan wọlé, ẹnì kan ló ti bá a níbẹ̀ tó tì í. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ gbọọrọ, má fòyà, láti ojú sánmà ni. Bí ó bá wá ń tẹ̀lé ara wọn, kó àwọn ọmọ jáde. Ohun kan wà lọ́dọ̀ yín."

Ọ̀gá Ọlátúnjí fẹ̀yìntì, mo jókòó sí àyè rẹ̀, ọdún ń gorí ọdún. Lẹ́yìn náà ni ọ̀sán ọyẹ́ kan dé.

Kíláàsì àwọn tó fẹ́ jáde ni mo ń kọ́. Mo ti fi àwọ̀n àtùpà gáàsì ayé àtijọ́ han wọ́n, èyí tó máa ń tú áfà jáde; wọ́n ti rẹ́rìn-ín áfà tán, mo sì ti yọ ọ́ kúrò nínú àpótí. Mo ní kí wọ́n sinmẹ̀dọ̀ kí wọ́n máa wo àwọn tó ń ti òkè sánmà bọ̀, múọ́ọ̀nù, tó wúwo ju ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ ní ìlọ́po igba ó lé, tí ipa rẹ̀ máa ń gùn gbọọrọ. Gbogbo wọ́n tẹ̀ mọ́ tábìlì nínú òkùnkùn. N kò gbọ́ nǹkan kan ju èémí wọn lọ.

Ìlà kan yọ láàárín àpótí. Kúkúrú ni, ó nípọn díẹ̀, ó sì tọ́. Kò ti ẹ̀gbẹ́ wá, kò ti òkè wá. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ gbọọrọ ni. Òmíràn tún yọ, ó kọjú síbòmíràn. A dúró díẹ̀, òmíràn tún yọ.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ràmátù sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Àǹtí, eléyìí ò ti ibì kankan wá."

Mo ní kí wọ́n kó ìwé wọn, kí wọ́n lọ jókòó sí kíláàsì wọn lókè. N kò pariwo. Ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan wà nínú ohùn mi, torí kò sẹ́ni tó jiyàn.

Ó wá ku èmi nìkan nínú òkùnkùn yẹn. Mo rọra fa tábìlì sún mọ́ ògiri ẹ̀yìn. Àwọn ìlà náà pọ̀ sí i. Mo fà á sún mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n dínkù. Mo dá a padà sídìí ògiri, mo gbé pátákó òjé tí a ní nínú láàbù dí àárín àpótí àti ògiri. Òjé yìí ni gbogbo ayé ń sá sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí wọ́n bá ń ya fọ́tò egungun. Kò yí nǹkan kan padà. Àwọn ìlà náà ń yọ bí ẹni pé òjé kò sí níbẹ̀. Mo wá pọn omi kún garawa méjì, mo tò wọ́n síbi tí òjé wà, mo tún wò. Ibi tí garawa ṣíji bò dákẹ́.

Mo mọ̀ nígbà náà pé niútírọ́ọ̀nù ni. Ẹ̀rù bà mí. Ohun tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn ti ń gba inú ògiri kọjá, ó ń gba inú àwọn ọmọ kọjá, kò sì sí ẹni tó gbọ́ pé ó kan ilẹ̀kùn.

Mo yí sẹ́yìn ilé. Bàbá Jímọ̀ ló wà níbẹ̀, bàbá tó ń ṣọ́ géètì wa, àgbẹ̀ ará abúlé kan lójú ọ̀nà oko Ìlọrin. Ó jókòó sí ibòji, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Orí àpótí onírin aláwọ̀ èsúrú kan ló jókòó lé, irin ìdìmú gígùn yọ lókè rẹ̀. Oòrùn ti ṣá àmì tó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì rí ewé mẹ́ta rẹ̀, àmì ìkìlọ̀ fún ìtànṣán tó ń pani lára. Mo ti rí irú àpótí yìí nínú ìwé. Àwọn tó ń ṣe títì ló máa ń lò ó láti fi mọ bí ilẹ̀ ṣe le sí àti bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, niútírọ́ọ̀nù sì wà lára ohun tó ń tú jáde.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀."

Ó dìde, ó ń wò mí. Ó ṣàlàyé pé inú igbó lẹ́bàá oko òun lòun ti rí i, bóyá ó já bọ́ láti inú mọ́tò àwọn tó ń ṣe títì. Pé òun gbé e wá nítorí ó wúwo, olè ò lè gbé e sá lọ. Ó pẹ́ tó ti ń jókòó lé e. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jìnnà síbẹ̀, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀, mo sáré lọ bá púrínsípà. A pe ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó irú nǹkan báyìí. Wọ́n tẹ́tí sí mi dáadáa, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n ní kí a ṣọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i.

Nígbà tí mo padà, àpótí kò sí níbẹ̀ mọ́. Bàbá Jímọ̀ nìkan ló dúró lókèèrè bí mo ṣe ní kó ṣe. Ó ní Gàníyù, àna òun tó ń rọ irin ní àdúgbò Gàmbàrí, ti ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ òun láti ọjọ́ yìí nítorí òjé tó wà nínú ẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni. "Ẹ ní kí n má jókòó lé e mọ́," ló wí. "Mo ní kó kúkú máa gbé e lọ."

Mo pe ọ́fíìsì yẹn padà láti sọ ibi tó wà, mo sì ní kí Bàbá pe Gàníyù. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo gbé àpótí ìkùukùu, mo da yìnyín tó kù sínú kúlà, èmi àti Bàbá Jímọ̀ wọ kẹ̀kẹ́. Ní Post Office, ọkọ̀ há. Ibẹ̀ ni Bàbá ti kọjú sí mi. Ó wá bi mí pé kí ló wà nínú nǹkan náà. Mo ní ohun tó kéré débi pé kò ṣeé fojú rí ni. Ó ní kí ló wá fà á tí jìnnìjìnnì fi bá mi. Mo ní nítorí pé awọ èèyàn kì í dí i lọ́nà ni, ó sì ń ba nǹkan jẹ́ níbi tó bá gbà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Àpótí náà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ilé arọ nígbà tí a dé. Òòlù ńlá àti irin tí wọ́n fi ń gé irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìrun Àsàrí ló gbà wá. Gàníyù ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí mọ́sáláṣí. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú, títí ó fi dé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó kí wa dáadáa, ó fún wa ní àga, ó sì gbọ́ mi tán kí ó tó sọ tirẹ̀. Ó ní òun ti tú oríṣiríṣi irin, kò sì sí èyí tó ṣe òun ní nǹkan. Ó ní òun ò rí nǹkan kan jáde lára eléyìí, kò rùn, kò gbóná.

Ó ní, "Tísà, mi ò pè yín ní onírọ́. Ẹ fi hàn mí."

A ti ilẹ̀kùn ilé arọ. Wọ́n fi eérú bo ẹyin iná. Mo gbé àpótí ìkùukùu mi sórí ìjókòó kan, mo tan tọ́ọ̀ṣì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wólẹ̀ tì í. Ó pẹ́ kí ìkùukùu tó balẹ̀. A ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé nínú agbo ilé, tó ń ti òkèèrè wá bí ohùn inú kànga. Ìlà kan yọ, láàárín gbùngbùn. Gàníyù fà sẹ́yìn. Òmíràn yọ. Bàbá Jímọ̀ ń ka "Aúsù bíllàhì" lábẹ́ èémí rẹ̀. Gàníyù yẹ abẹ́ ìjókòó wò, ó yẹ ẹ̀yìn mi wò, ó gbé ọwọ́ sókè gíláàsì láti mọ̀ bóyá òwú wà níbẹ̀. Ìlà náà yọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ànjọ̀nnú ni?" ló bi mí.

Mo ní rárá. Mo ṣàlàyé pé ẹni tó wọlé la kò rí, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kọ lù la rí tó sá. Mo ní bí ó bá la irin yẹn, tí ohun tó wà nínú ẹ̀ bá dà sílẹ̀, a ó máa mí in símú, kò sì ní kúrò lára ẹni mọ́. Ó wá béèrè pé kí ló dé tí òjé inú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo bí ó ṣe wúwo tó, kò lè dá a dúró. Mo ní nítorí ó wúwo jù ú ni: ohun kékeré tó bá kọ lu ohun ńlá á kàn ta kúrò lára rẹ̀ ni, agbára rẹ̀ kò dín.

"Kí ló wá lè dá a dúró?"

"Omi," ni mo wí. "Ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ nínú omi."

Gàníyù ṣílẹ̀kùn, ó sọdá sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta piọ́wọ́tà ní òdìkejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ní gbé àpò lé èjìká. Mo fi igi gígùn ti àpótí náà sí kọ̀rọ̀, a sì to àpò omi yí i ká, ìpele lé ìpele, títí a kò fi rí àwọ̀ èsúrú mọ́. Láti ìta ló dà bí ọjà ẹni tó ń múra de ọjọ́ ìkómọ. A padà sídìí gíláàsì. A dúró, a dúró. Òwú aláǹtakùn kan wọ́ kọjá, múọ́ọ̀nù kan fà gbọọrọ. Èyí tí kò níbẹ̀rẹ̀ kò yọ. Gàníyù mí kanlẹ̀, ó ní kí gbogbo ará ilé rẹ̀ lọ sùn sí ilé àbúrò òun, ó sì ti ilé arọ pa.

Àwọn ará ọ́fíìsì dé láàárọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn tó ń ké tàn-tàn-tàn. Wọ́n yẹ inú ilé arọ wò, wọ́n yẹ ẹ̀yìn láàbù wò, wọ́n ní kò tíì jò, wọ́n gbé e lọ. Ọ̀gá wọn wo àwọn àpò piọ́wọ́tà, ó wò mí, ó mi orí. Wọ́n mú Bàbá Jímọ̀ lọ sí ọsibítù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan.

Ṣùgbọ́n Bàbá kò jókòó mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó máa ń dúró ni, tàbí kó fara ti igi. Mo gbé àga tuntun fún un, ó dúpẹ́, kò lò ó. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé kì í ṣe ìrora ló ń dẹ́rù ba òun, pé àìsí ìrora gan-an ni. "Gbogbo ìgbà tí mo fi jókòó lé e, Tísà, ó tù mí lára."

Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ fẹ̀yìntì, mo ń fi bí àpótí ìkùukùu ṣe ń ṣiṣẹ́ han olùkọ́ tó gba ipò mi, Bàbá Jímọ̀ sì yọjú sẹ́nu ọ̀nà láàbù. Kò wọ ibẹ̀ rí. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́sáláṣí, ó rìn nínú òkùnkùn dé ìdí tábìlì. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀kan lára nǹkan ọjọ́ yẹn kù nínú òun. Mo ní kí ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí gíláàsì. A wò ó pẹ́. Àwọn òwú tín-ín-rín ń wọ́ kiri bí wọ́n ṣe máa ń wọ́ kiri níwájú ẹnikẹ́ni. Mo ní kò sí nǹkan.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ìlà gígùn kan já wálẹ̀, tààrà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ó bi mí pé èyí ńkọ́. Mo ní múọ́ọ̀nù ni, ojú sánmà ló ti ń bọ̀, niútírọ́ọ̀nù ọjọ́ yẹn wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Mo ní ó ń gba inú gbogbo wa kọjá láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa, lójú oorun, lórí ìrun, nínú ilé àti lóko, kò sì sí ibi tí a lè sá sí fún un.

Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ kejì fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa àga kan mọ́ra, ó jókòó, ó sì dá ọwọ́ náà padà sórí gíláàsì.